Báwo ni mo ṣe lè rí odídẹrẹ́ nínú igbó, kí n sì ya á ní fọ́tò?

ỌmọOlódòỌbà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Bí wọ́n bá ń kì wá, "Ìwó ilé odídẹrẹ́" ni wọ́n máa ń wí. Mo ti pé ọmọ ọdún 41 báyìí, n kò tíì fi ojú kan odídẹrẹ́ tí kò sí nínú àgò. Ẹyọ kan tí mo mọ̀ dáadáa ni ti bàbá kan ládùúgbò wa. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló máa ń pe orúkọ ìyàwó bàbá náà, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ tu gbogbo ìyẹ́ àyà rẹ̀ títí àyà náà fi wà níhòòhò. Kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo fẹ́ rí i níbi tó ti ń fò. Mo fẹ́ fọ́tò kan tí mo máa gbé kọ́ sí pálọ̀, kí àwọn ọmọ mi mọ ẹyẹ tí wọ́n fi ń kì wọ́n. Iṣẹ́ fọ́tò òde ni mo ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ. Kámẹ́rà Canon ni mo ń lò, lẹ́ǹsì mi tó gùn jù ni 70-200. Ṣé ó tó? Igbó wo ni kí n lọ? Ìgbà wo? Mo ti wá a lórí Google, àwọn tó ń tà á ló kún ibẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́IgbóTẹ́lẹ̀

Àbúrò, o káàbọ̀. Mo fi ọdún 19 ṣọ́ igbó kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá. Etí ni wọ́n fi ń wá odídẹrẹ́. Bí o bá wọ inú igbó kìjikìji tí o ń gbé ojú sókè, ọrùn á kàn máa dùn ẹ́ ni, ewé ni wàá rí. Òkè téńté igi ni ẹyẹ yìí máa ń wà. Tó bá ti jókòó jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ tó dà bí eérú á bá èèpo igi dọ́gba, o lè dúró lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan kí o má mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń fò, ó ń ké. Igbe náà á han gooro, á fi súfèé sí i, á tún dún bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí géètì tó ti dípẹtà. Wàá gbọ́ ọ ná, kí o tó rí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń rìn lójúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, wọ́n ń jáde kúrò níbi tí wọ́n sùn lọ síbi oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, láti nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n ń padà bọ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n á wà lábẹ́ òjìji ewé, wọn kò ní dún púpọ̀. Nítorí náà má ṣe rìn káàkiri. Wá ojú tó ṣí sílẹ̀: etí odò, ọ̀nà tí àwọn agégẹdú là, etí oko tó bá igbó pààlà. Kí o ti jókòó síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà, bí aláta tó ń ná ọjà kan náà. Bí wọ́n bá gba orí rẹ kọjá lónìí, padà síbẹ̀ lọ́la.

Máa wo igi tó ga yọrí láàárín àwọn yòókù, àràbà tàbí ìrókò, pàápàá èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n bà sórí ẹ̀ka gbígbẹ, kí wọ́n tún ìyẹ́ ara wọn ṣe kí wọ́n tó lọ sùn. Má sì fojú di ọ̀pẹ. Wọ́n fẹ́ràn ẹyìn gan-an. Odídẹrẹ́ á fi ẹsẹ̀ kan di ẹyìn mú bí ọmọ tó di àkàrà mú, á bó ẹran ara rẹ̀ jẹ, á ju ekùrọ́ sílẹ̀. Bí o bá rí ẹyìn nílẹ̀ tí wọ́n ti bó tán, tí kò sí ojú eyín ọ̀kẹ́rẹ́ lára rẹ̀, dúró díẹ̀ kí o fetí sílẹ̀.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé òun ni lókè: ó ń lu ìyẹ́ wìrìwìrì láìsinmi, kì í na ìyẹ́ kí atẹ́gùn gbé e bíi ti àṣá. Méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń lọ, tàbí agbo kékeré. Bí agbo náà tilẹ̀ pọ̀, wàá rí i pé méjì méjì ló sún mọ́ra nínú rẹ̀. Má retí ìrù pupa láti ìsàlẹ̀ o. Bí ọ̀run bá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ni gbogbo ara rẹ̀ máa rí. Ìgbà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ yí láti bà ni pupa yẹn máa ń yọ lójijì.

Ní ti igbó: nílẹ̀ Yorùbá, Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni èmi á ní kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, Okomu ní Edo, àti páàkì ńlá ti Cross River. Àwọn igbó etí odò Orashi ní Rivers náà ti lórúkọ tipẹ́ nítorí odídẹrẹ́. Gba ìwé àṣẹ kí o tó wọlé. Igbó ọba, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà. Páàkì, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Má dá lọ. Mú ẹ̀ṣọ́ tàbí ọmọ abúlé tó mọ ilẹ̀. Erin ṣì wà ní Omo, kì í ṣe ìtàn. Wọ bàtà òjò tó gùn dé orókún nítorí ìjàlọ, kí aṣọ rẹ má sì jẹ́ funfun.

AyàwòránÌbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ̀gbọ́n. Èmi á fi ti kámẹ́rà sí i.

ỌmọOlódòỌbà, 200 kò tó. Láti orí dé ìrù, odídẹrẹ́ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 lọ, bíi rúlà ilé ìwé kan péré, òkè àràbà ló sì wà. Pẹ̀lú 200, ẹyẹ rẹ á dà bí ẹṣinṣin nínú fọ́tò. 400 ni ìbẹ̀rẹ̀. 500 tàbí 600 ló dáa. Má rà á, yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni fún ọjọ́ mélòó kan. Bí o kò bá rí yá, wá extender 2x (èyí tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà kó lè fa nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po méjì) fún lẹ́ǹsì rẹ, kí o sì mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa kù fún ẹ. Lówùúrọ̀ kùtù, ìyẹn pọ̀.

Ohun tó ń ba fọ́tò odídẹrẹ́ jẹ́ jù ni ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyẹ aláwọ̀ eérú ni, ọ̀run wa sì máa ń funfun bí aṣọ àlà. Kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá sọ ẹyẹ di òjìji. Gbé exposure compensation (ibi tí o ti ń sọ fún kámẹ́rà kó jẹ́ kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i tàbí kó dúdú sí i) sí +1; bí ọ̀run bá funfun gan-an, +2. Ṣùgbọ́n bó bá bà sáàárín ewé tí oòrùn àárọ̀ kọ sí i lára, tètè dá a padà sí òdo, o tiẹ̀ lè gbé e lọ sí -0.7, nítorí ìrù. Pupa yẹn le. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù lórí rẹ̀, gbogbo ìrù á di ọ̀kan ṣoṣo bí ọ̀dà tó dà sílẹ̀, ìlà ìyẹ́ kankan kò ní hàn, kọ̀ǹpútà kò sì lè tún un ṣe fún ẹ. Histogram (àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò hàn) ti àwọ̀ pupa nìkan ni kí o máa wò. Máa ya RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe.

Fún èyí tó ń fò, shutter speed 1/2000. Fún èyí tó jókòó, 1/500 tó, bí kámẹ́rà bá wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Má bẹ̀rù láti gbé ISO, bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, dé 3200, kódà 6400. Fọ́tò tó rí ṣákaṣàka díẹ̀ ṣì dáa ju èyí tó mì lọ. Ojú ẹyẹ ni kí o fi focus sí, kì í ṣe ìrù, bó ti wù kí ìrù náà wù ẹ́ tó. Ojú yẹn ló máa sọ bó ṣe dàgbà tó: ti ọmọdé dúdú, ti àgbà máa ń mọ́ bí omi ọsàn. Awọ funfun tó yí i ká kò ní ìyẹ́, bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bá ẹ ṣe é, wàá rí i pé etí ìyẹ́ ọrùn àti àyà rẹ̀ ní ìlà funfun tín-ín-rín, wọ́n tò léra bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn tó ń pè é ní ẹyẹ eérú lásán kò tíì rí ìyẹn.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi: bí o bá sùn sí yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí o gbé kámẹ́rà jáde bọ́ sínú ooru igbó, omi á bo ojú lẹ́ǹsì fún bí ìdajì wákàtí. Àárín ìdajì wákàtí yẹn gan-an ni odídẹrẹ́ máa kọjá. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbọ́n. Gbé àpò kámẹ́rà síbi tí ẹ̀rọ amúlétutù kò dé ní alẹ́, kí o sì kó àwọn pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sínú rẹ̀.

Ọ̀nàÀbùjá

Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Mo mọ ẹni tó ń tà á. Ẹ sanwó, ẹ gbé e sórí igi ọsàn lẹ́yìn ilé, ẹ ya fọ́tò yín.

TíṣàBàọ́lọ́jì

Àbúrò mi, n kò bínú sí ẹ. Jẹ́ kí n sọ ohun tí owó yẹn ń ṣe.

Inú igbó ni wọ́n ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lọ́jà wa. Wọ́n á so ọ̀kan tí wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀ mọ́ orí igi kó máa ké pe ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi àtè pa ẹ̀ka yí i ká. Àwọn tó bá bà láti wo ohun tó ń ṣe é, ibẹ̀ ni wọ́n á há sí. Wọ́n á gé wọn ní ìyẹ́, wọ́n á rọ́ wọn sínú àgò kan, púpọ̀ á sì kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà wọ́n. Ní Gánà, nígbà tí àwọn onímọ̀ tún lọ kà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kà wọ́n látijọ́, wọ́n rí i pé láti 1992, láàárín 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lọ. Gánà ni mo wí o, níbi tí igbó ṣì wà. Igi wà, kò sí ẹyẹ lórí rẹ̀.

Ní 2016, ní ìpàdé CITES (àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó) tí wọ́n ṣe ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti gbé odídẹrẹ́ sí Appendix I, ìyẹn àkójọ àwọn ẹ̀dá tí òfin náà dáàbò bò jù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni òfin náà ti múlẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èyí tí wọ́n mú nínú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní ọdún 2016 kan náà ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun ń halẹ̀ mọ́.

Wọn kì í sì í yára pọ̀ sí i. Ihò igi ńlá ni wọ́n ń yé sí, ẹyin bíi mẹ́ta, nígbà mìíràn ó lè tó márùn-ún. Ó ń sàba fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, ọmọ á sì wà nínú ihò fún bí ọ̀sẹ̀ 12 kó tó fò. Bí wọ́n bá gé igi yẹn lulẹ̀, igi mìíràn tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í hù lọ́dún kan.

ỌmọYorùbáPeckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, láti London. N kò tíì rí odídẹrẹ́ nínú igbó rí, ṣùgbọ́n mo ní ohun kan tó lè ran ẹ lọ́wọ́. Àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan wà níbí, ìbátan odídẹrẹ́, tí ìrù wọn gùn, tí ẹnu wọn pupa. Èyí tó sá kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n ló di ọ̀pọ̀. Ní Kensington Gardens àti Richmond Park, wọ́n ń ké lórí ẹni láràárọ̀. Irú wọn kan náà wà lápá àríwá Nàìjíríà. Àwọn ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń gbé lẹ́ǹsì tẹ̀ lé ẹyẹ tó ń sáré, torí wọ́n ń lọ tààrà bíi ti odídẹrẹ́, wọ́n sì ń tètè lu ìyẹ́.

Ìwọ tó wà nílé, má dúró dìgbà tí o bá dénú igbó kí o tó kọ́ èyí. Dúró lẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́ kí o ya lékeléke tó ń padà lọ sùn. Ìyẹn rọrùn, wọn kì í kánjú. Bí o bá ti mọ ìyẹn, bọ́ sórí ẹyẹlé. Lọ́jọ́ tí o bá lè ya ẹyẹlé tó ń fò, kí ojú rẹ̀ mọ́ kedere nínú fọ́tò mẹ́ta nínú mẹ́wàá, o ti ṣe tán.

ỌmọOlódòỌbà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ṣọ́, ìbéèrè kan sà. Mo rí ohùn odídẹrẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá tan án lórí spíkà kékeré nínú igbó, ṣé wọn kò ní wá bà nítòsí mi?

Ẹ̀ṣọ́IgbóTẹ́lẹ̀

Má dán an wò. Padà lọ ka ohun tí Tíṣà kọ. Ohùn odídẹrẹ́ kan tí kò kúrò lójú kan, tó ń ké ṣáá: ohun tí àwọn alátè ń lò nìyẹn. Bí wọ́n bá wá, o ti kọ́ wọn láti máa wá síbi ikú. Bí wọ́n bá ti rí alátè rí, wọ́n á sá kúrò lágbègbè náà. Má fi ẹyìn dẹ wọ́n, má fi dúróònù lé wọn. Jókòó.

N_kò_kọ_orúkọ

Láti àná ni mo ti ń ka ìjíròrò yìí. Ó yẹ kí n sọ ti èmi.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí tọkọtaya odídẹrẹ́ kan létí igbó kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ihò kan wà lára igi ńlá, nǹkan bí ilé alájà márùn-ún sókè. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jókòó jìnnà. Lọ́jọ́ kẹfà, abo yọ orí síta, oòrùn sì bọ́ sí ojú rẹ̀. N kò tíì ya fọ́tò tó dáa tó yẹn látìgbà tí mo ti ń ya fọ́tò. Inú mi dùn débi pé mo gbé e sórí Facebook lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kọ orúkọ abúlé náà láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Òpó iná kan àti òrùlé ilé ìjọsìn kan hàn ní ìsàlẹ̀ fọ́tò náà.

Mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Igi náà ti wà nílẹ̀. Wọn kò gé e fún pákó, nítorí wọ́n fi gbogbo ìtì rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ibi ihò yẹn nìkan ni wọ́n fi àáké là. Mo fi ọwọ́ kan inú rẹ̀: igi rírà tó kúnná bí gààrí, ìyẹ́ kéékèèké tó rọ̀ bí òwú, àti èèpo ẹyin. Ọmọ abúlé kan sọ fún mi pé àwọn méjì tó gun ọ̀kadà wá fi fọ́tò mi hàn án lórí fóònù, wọ́n bi í pé igi wo nìyí.

N kò gbé fọ́tò yẹn kọ́ sí ibikíbi. Ẹ jọ̀ọ́: ẹ pa location kámẹ́rà àti fóònù yín kí ẹ tó wọ igbó, torí pé ó máa ń wọ inú fọ́tò láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ má jẹ́ kí òrùlé, òpó, afárá tàbí òkè tí èèyàn lè dá mọ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí oṣù mélòó kan kọjá kí ẹ tó fi síta. Orúkọ ìpínlẹ̀ ti tó. Fọ́tò ihò tí wọ́n ń sàba sí, ẹ má yà á rárá.

Ẹ̀ṣọ́IgbóTẹ́lẹ̀

Pẹ̀lẹ́ o. Ó dára tí o sọ ọ́.

Bí ẹ bá ṣèèṣì bá ara yín nítòsí ihò, ẹ máa mọ̀. Ẹyẹ tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ á dúró lórí igi kejì, á máa wò yín, kò ní wọlé. Ó ń dúró dè yín kí ẹ lọ ni. Ní gbogbo ìgbà tó fi dúró, ebi ń pa àwọn ọmọ. Ẹ dìde, ẹ gba ọ̀nà tí ẹ gbà wá padà.

TíṣàBàọ́lọ́jì

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé dídákẹ́ túmọ̀ sí pé ká má kọ ọ́ sílẹ̀. Nigerian Bird Atlas Project ń gba àkọsílẹ̀ ẹyẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fara balẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, A.P. Leventis Ornithological Research Institute ní Jos wà lára àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Orí fóònù lẹ ó ti ṣe é, pẹ̀lú áàpù tó ń jẹ́ BirdLasser. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án ní ìbú àti òró. Igun mẹ́rin yẹn ni wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ yín sí, kì í ṣe ìdí igi.

ÌyánífáÒṣogbo

Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkóódẹ, ìyẹ́ ìrù pupa odídẹrẹ́, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan á máa rò ó, wọn ò kàn wí ni. A ń lò ó. Ó ń bẹ lára adé ọba, ó ń bẹ níwájú orí ìyàwó òrìṣà, àwọn ọmọ wa tó wà ní Kúbà àti Bùràsílì náà ń wá a. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi pé a gbọ́dọ̀ pa ẹyẹ kí a tó rí ìkó. Odídẹrẹ́ máa ń pa ìyẹ́ dà, ìkó á já bọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ń sin ín láti ọjọ́ pípẹ́ ni èmi ti ń tọrọ èyí tó já bọ́, mo ń kó wọn pamọ́ sínú igbá, ọdún lè yípo kí n tó rí méje. Ẹni tí kò lè ní sùúrù ọdún kan kò tíì ṣe tán fún ohun tó fẹ́ fi ìkó ṣe.

Ọmọ Ìwó, mo gbàdúrà fún ẹ lórí ìrìn rẹ. Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire.

ỌmọOlódòỌbà

Àṣẹ, ìyá mi. Ẹ ṣeun mà.

Arìnrìnàjò

Fún ẹ̀yin tó wà lókè òkun, tí owó ọkọ̀ òfuurufú kò ni yín lára: mo ti rí wọn ní Entebbe ní Ùgáńdà, nínú ọgbà igi ìlú, láìrìn jìnnà. Wọ́n tún pọ̀ ní erékùṣù Príncipe. Ṣùgbọ́n ohun tó yí mi lórí padà ni Odzala, ní Kóńgò ti Brazzaville. Àwọn pápá tútù kan wà láàárín igbó níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bai, ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí igi kò sí lórí rẹ̀. Láàárọ̀, odídẹrẹ́ á bà sílẹ̀ níbẹ̀ lágboolágbo. Nígbà tí gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n yí ẹ̀gbẹ́, ìrù pupa bo ojú pápá náà. Lobéké ní Kamẹrúùnù náà ní irú pápá bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó bá sì lọ sí Làìbéríà tàbí Sàró, ẹ má rò pé ẹ̀yà kan náà lẹ rí. Ti ọ̀hún kéré díẹ̀, ó dúdú jù, ìrù rẹ̀ pọ́n bí obì tó ti gbó. Timneh ni wọ́n ń pè é.

ỌmọOlódòỌbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ má bínú pé n kò ní sọ igbó tó jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò, pẹ̀lú ọmọ abúlé kan tó mọ ilẹ̀. Mo yá lẹ́ǹsì 500. Lọ́jọ́ kìíní òjò kò jẹ́ ká jáde. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí wọn. Igbe náà gba orí wa kọjá, ó sì lọ. Ẹni tó mú mi lọ ń nàka, "Wọ́n nìyẹn," ewé nìkan ni èmi ń rí. Lọ́jọ́ kẹta a fi inú igbó sílẹ̀, a lọ jókòó sétí odò láti aago márùn-ún àárọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ṣọ́ ti wí. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n dé. Mo fi +2 ya àwọn tó ń fò. Òjìji ni púpọ̀ nínú wọn ṣáá, ṣùgbọ́n mo rí wọn lójú ara mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, méjì bà sórí ẹ̀ka gbígbẹ lápá kejì odò. Oòrùn wà lẹ́yìn wa. Mo gbàgbé láti yí +2 yẹn padà, fọ́tò mọ́kànlá àkọ́kọ́ ni ìrù ti jó mọ́lẹ̀ pátápátá, bí AyàwòránÌbàdàn ṣe sọ gẹ́lẹ́. Mo dá a padà sí -0.7. Èyí tó wà lápá ọ̀tún tẹ orí ba, èkejì sì ń fi ẹnu tú ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ìyá ń ya orí fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ó gbọn ara. Eruku funfun kan rú jáde lára rẹ̀, oòrùn tàn sínú eruku náà, ó dúró lójú òfuurufú fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹyẹ máa ń ní eruku lára bẹ́ẹ̀. Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ gbé kọ́. Ìrù hàn nínú rẹ̀, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Wọn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ronú nípa ti bàbá àdúgbò wa yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

AyàwòránÌbàdàn

O kú oríire o! Ìyẹ̀fun ìyẹ́ wọn nìyẹn, gbogbo odídẹrẹ́ ló ní i. N kò tíì rí ẹni tó ya á nínú igbó. Shutter speed mélòó?

ỌmọOlódòỌbà

1/800, ISO 2500. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo lò.

Ẹ̀ṣọ́IgbóTẹ́lẹ̀

Mélòó ni gbogbo wọn láàárọ̀ yẹn?

ỌmọOlódòỌbà

Mọ́kànlá, sà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Méjì méjì lọ́nà márùn-ún, ẹyọ kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀ṣọ́IgbóTẹ́lẹ̀

Kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, apá ibi tí wọ́n dorí kọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, lóṣù kan náà, padà lọ jókòó síbi kan náà kí o tún kà wọ́n.

ỌmọOlódòỌbà

Ó ti wà nínú ìwé mi, sà. Ọmọ mi àgbà ní òun á bá mi lọ.